Ìwúkàrà Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jí

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ fi ìdí kalẹ̀ nínú ọgbà mi lónìí, ẹ gbé ife yín sí ọwọ́ òsì, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di etí yín mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹ̀gbẹ́ etí gbọ́. Bí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Bí ó bá pa yín lẹ́kún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun ún sínú ọtí mi, nítorí omijé àti ọtí ọkà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀: inú bí mi nínú ìrìn àjò yìí. Inú bí mi ní àárọ̀, inú bí mi ní ọ̀sán, inú bí mi títí mo fi ń bínú sí òjìji ara mi pé kí ló dé tí ó ń tẹ̀ lé mi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń retí ìtàn akọni tí ń fi àdá gé orí iwin bí ẹni gé ilá, kí ó lọ sí ilé ẹlòmíràn. Èmi kò gé orí ẹnikẹ́ni. Orí tèmi ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wò bóyá nǹkan kan wà nínú rẹ̀.

Ọdẹ́tọ̀kun ni orúkọ mi, ọmọ ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́. Ọdẹ ni baba mi, ọdẹ ni baba tí ó bí baba mi. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń fi eyín jẹ èkuru, èmi ti ń fi eyín fa awọ ìkookò. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí mi kì í ṣe ìyàwó ọdẹ lásán. Àwẹ̀ró Ọlọ́tí ni, ẹni tí ń pọn ọtí ọkà bàbà tí òkìkí rẹ̀ kan ìlú méje. Àwẹ̀ró, ọmọ a-pọn-ọtí-má-kan, ọmọ a-ṣí-ìkòkò-kí-òórùn-pe-àlejò! Òórùn ọtí rẹ̀ á dé orí òkè, arúgbó á gbàgbé ọ̀pá; á dé etí odò, apẹja á gbàgbé àwọ̀n; á dé ààrin àwọn tí ń jà, wọn á bi ara wọn léèrè pé kí ni à ń jà sí ná.

Ogún tí ìyá mi fi sílẹ̀ kì í ṣe wúrà. Okùn ni. Okùn náà nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọkùnrin, ó gùn tó apá méjì, èèpo igi ni wọ́n fi hun ún. Bí ọtí bá ń hó nínú ìkòkò, ìyá mi á ri okùn náà bọ inú rẹ̀, ìwúkàrà tí ń mú ọtí hó á sì fi ara mọ́ ọn bí ọmọ ọwọ́ ti í fi ara mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí á fà á yọ, á sá a gbẹ, á fi í kọ́ sábẹ́ àjà ilé ìdáná. Ìwúkàrà á sùn. Bí ọjọ́ ọtí mìíràn bá pé, á tún ri okùn bọ inú omi ọkà, ìwúkàrà á jí, ọtí á sì máa hó. Ìyá tí ó bí ìyá mi ló fún un, ìyá tí ó bí ìyẹn ló fún ìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín. Àṣà ilé wa sì ni pé bí ọmọbìnrin wa bá ń lọ sí ilé ọkọ, a ó fi okùn yìí pọn ọtí, òun ni yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú àwọn àna, a ó sì gé ìdajì okùn fún un kí ó mú un lọ. Èyí tí kò bá mu ọtí ilé rẹ̀, a kò fi í fún ọkọ, wọ́n jí i gbé ni. Òun fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan pípọn ọtí náà, nítorí ìyàwó kì í ru ẹrù ara rẹ̀ lọ sí ilé ọkọ.

Ẹniìtàn ni ọmọ mi kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ kú kí ó tó mọ ìrìn í rìn. Àwẹ̀ró ìyá mi ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọtí. Nígbà tí Àwẹ̀ró náà lọ bá àwọn baba rẹ̀, kò sí ẹni tí ó pọn ọtí nínú ilé wa fún ọdún méje. Okùn ń bẹ lábẹ́ àjà, èmi sì sọ ilé ìdáná náà di ibi tí mo ń yan ẹran ìgbẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ni Baba Ajéwọlé, alágbẹ̀dẹ ìlú òdìkejì odò, wá tọrọ Ẹniìtàn fún ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wu Ẹniìtàn, Ẹniìtàn náà wu ọmọkùnrin náà, inú mi dùn. Mo na ọwọ́ sí àjà, mo mú okùn sọ̀kalẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ọdẹ ṣe iṣẹ́ ọlọ́tí.

Mo rẹ ọkà bàbà, ó hù. Mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sè é ní odidi ọjọ́ kan. Kókó ńlá kan wà ní ìdí okùn náà, èyí tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ní ọtí àpọnkẹ́yìn rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ọmọkùnrin tú kókó tí ìyá rẹ̀ ta, nítorí náà mo fi ìbẹ̀rù gbé ibi kókó kọ́ ẹnu ìkòkò, kí omi má tilẹ̀ kàn án, mo sì ju ìyókù okùn sínú omi ọkà tí ń hó kutukutu lórí iná. Mo ní ooru ni yóò jí i. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹta, omi ọkà náà kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, àwọn eṣinṣin sì ń ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Mo dà á nù. Mo tún se òmíràn, ó kún àmù tí ó tóbi jù nínú ilé, mo jẹ́ kí èyí tutù, mo ri okùn bọ̀ ọ́. Ó rà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gba ààwẹ̀, mo kúnlẹ̀ ti ìkòkò, mo ń gbàdúrà pẹ̀lú ohùn tí a fi ń lé ẹfọ̀n. Bí mo bá ti ṣe àmín, mo ti ṣí ìdérí; bí mo bá ti dé e, mo tún gbàdúrà, mo tún ṣí i. Ẹniìtàn dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tú kókó ìdí okùn yẹn wò."

Mo ní, "Tú kí ni? Ìwọ tí o ń lọ sí ilé ọkọ, ìwọ lo fẹ́ fi ọwọ́ kan ọtí ara rẹ?"

"N kò ní pé mo fẹ́ pọn ọtí, sà. Kókó lásán ni mo ní kí n tú."

"Kókó lásán! Ọwọ́ ìyá mi ló wà lára kókó yẹn. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà, o ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́!"

Ó kúrò. Ọtí ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà sì bàjẹ́ ju ti méjì ìṣáájú lọ. Ní ọjọ́ tí mo dà á nù gan-an ni oníṣẹ́ Baba Ajéwọlé dé, ó ní, "Àna yín kí yín. Ó ní òòlù alágbẹ̀dẹ kì í dúró títí de irin tí kò gbóná. Ogójì ọjọ́ ló fún yín. Bí ọtí bá wà, ẹ pè é. Bí kò bá sí, ọmọ òun kì í jí ìyàwó gbé, òun yóò lọ kan ilẹ̀kùn ilé mìíràn." Ẹniìtàn gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé jẹ́jẹ́, ìyẹn sì dùn mí ju ẹkún lọ.

Mo gbé ẹsẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Lágbàyí, arúgbó aláìléyín tí òun àti ìyá mi jọ pọn ọtí nígbà èwe wọn. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọdẹ́tọ̀kun ọmọ Àwẹ̀ró, ẹni tí ó mọ ohun tí ń pa ẹfọ̀n tí kò mọ ohun tí ń pa ọtí! Ṣé ìwúkàrà yìí kú ni, àbí ó sùn?"

Mo ní, "Ìyá, bí mo bá mọ̀ ni, ṣé n óò wá jókòó sórí àpótí yín tí ó ń gún mi nídìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tí ń sunkún ẹni tí ó sùn, òmùgọ̀ ni, ẹni tí ń jí ẹni tí ó kú, òmùgọ̀ ni òun náà. Ohun tí ó bá kú, ọ̀run ló ń lọ. Ohun tí ó bá sùn, Igbó Ojúoorun ló ń lọ. Olójúoorun ni ọba ibẹ̀. Mú okùn rẹ lọ bá a, kí o bi í léèrè. Ṣùgbọ́n fi ìkánjú rẹ sílẹ̀ nílé, nítorí wọn kò ní àyè fún un níbẹ̀."

Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo fi okùn wé ọrùn, mo sì gbàdúrà pé, "Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tí kì í tòògbé tí kì í sùn, mo ń lọ sí ilé àwọn tí ń sùn, bá mi la ojú mi sílẹ̀." Mo rìn títí ọ̀nà fi di ipasẹ̀, ipasẹ̀ di ìràwé, ìràwé di òkùnkùn ọ̀sán gangan. Igbó náà rèé! Àwọn igi ibẹ̀ ń han oorun, ewé wọn pa dé bí ìpéǹpéjú ọmọ tuntun. Ẹyẹ dúró lójú òfurufú, ó ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́, kò sì jábọ́. Odò kékeré kan tó wà níbẹ̀ á sùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bí ó bá pẹ́, á yí padà, á sùn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, omi á sì dà sí ọ̀nà.

Ní ẹnu ibodè igbó náà ni mo ti bá Ẹlẹ́numéje. Ẹnu méje ló wà ní ikùn rẹ̀ bí ihò ọ̀kẹ́rẹ́ lára igi, ṣùgbọ́n etí kan péré ló ní, ó gbòòrò bí ewé kókò, ó sì wà ní àtàrí rẹ̀. Ẹnu méjèèje dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ta ni ọ́? Níbo lo ti wá? Kí lo gbé sọ́rùn? Ta ló rán ọ? Èéṣe tí o fi ń làágùn? Ìgbà wo lo ń padà? Kí lo jẹ lánàá?" Mo fi ohùn ńlá dáhùn, etí náà sì ká jọ gbinrin bí ewé patanmọ́. Àwọn ẹnu ní, "A kò gbọ́. Ta ni ọ́? Níbo lo ti wá?" Mo pariwo ju ti ìṣáájú lọ, etí náà ká jọ ju ti ìṣáájú lọ. Báyìí ni a ṣe láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Ẹnu kẹrin, èyí tí ẹnu rẹ̀ mú jù, ní, "Ẹ wo ọdẹ tí ń ké bí ewúrẹ́ tí ó jìn sí kànga! Ṣé báyìí lo ṣe ń pe ẹran kí ẹran tó wá?" Inú bí mi títí ojú mi fi pọ́n. Ní ìkẹyìn, ọ̀fun mi gbẹ, ohùn mi lọ, mo sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Èmi ni Ọdẹ́tọ̀kun. Ìwúkàrà ìyá mi kọ̀ kò jí. Ọmọ mi kò lè lọ sí ilé ọkọ." Etí náà là gbàgà. Ẹnu méjèèje dákẹ́. Ẹnu kẹrin ní, "A gbọ́ ọ báyìí. Ohùn tí a fi ń lé ẹran kọ́ ni a fi ń pe ẹni tí ń sùn. Kọjá."

Mo kọjá, mo sì bá Arìnbíìgbín. Òmìrán ni, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìgbín ló ní, ó ń wọ́ lórí ilẹ̀, ọ̀nà tí ó tọ̀ sì ń dán lẹ́yìn rẹ̀ bí awo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ní, "Tẹ̀ lé mi, èmi ló mọ ọ̀nà ààfin. Ṣùgbọ́n má ṣe ṣáájú mi." Láti kùtùkùtù títí di ìyálẹ̀ta, a kò tíì kọjá igi kan. Mo ní ta ni yóò dúró de èyí? Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sáré. Kí n tó ṣẹ́jú, mo ti bá ara mi níwájú Ẹlẹ́numéje. Àwọn ẹnu bú sẹ́rìn-ín: "Ta ni ọ́? Níbo lo ti wá?" Mo tún padà. Ní ọjọ́ kejì mo tún ṣáájú rẹ̀, nítorí ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Mo sì tún bá ara mi ní ibodè. Mo jókòó sílẹ̀, mo lu ilẹ̀ ní ìkúùkù, mo ní, "Ọlọ́run Olódùmarè, Ìwọ ló dá ìgbín, Ìwọ ló dá òmìrán, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà tí O fi so wọ́n pọ̀ níwájú ẹni tí ó ní ogójì ọjọ́ péré?" Mo dìde, mo tẹ̀ lé òmìrán náà fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan ewé tí ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òkè tí ń tẹ̀, ó ní, "Ọdẹ, ẹni kan tí ebi ti pa fún ọdún méje dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Kí ni o óò fún un jẹ?"

Mo ní, "Iyán ńlá, pẹ̀lú itan ẹtu méjì."

Ó ní, "O ti pa á. Sin ín kí o tún dáhùn."

"Ẹ̀bà ńkọ́, pẹ̀lú ẹran tí ó rọ̀?"

"O tún òkú pa. Àbí ọmọ aráyé ń fi oúnjẹ bínú sí àlejò ni?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ òdì, ṣùgbọ́n mo rántí nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní odidi oṣù kan, n kò jẹ, n kò mu. Ní ọjọ́ tí ojú mi là, mo ń ké fún iyán. Ìyá mi kò gbọ́ tèmi. Ó po ògì tí ó ṣàn bí omi, ó kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó lè mọ̀ pé kò gbóná kò tutù, ó sì fún mi ní ẹnu mẹ́ta péré. Lọ́jọ́ kejì, ẹnu mẹ́fà. Mo bú u, mo ní ó fi oúnjẹ dù mí. Mo sọ èyí fún òmìrán. Arìnbíìgbín dìde, ó ní, "Ìyá rẹ ti dáhùn ìbéèrè náà láti ìgbà yẹn, ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ààfin rèé."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú rí! Irúgbìn ọdún tó kọjá sùn nílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwọn orin tí ẹni tí ń kọ wọ́n ti gbàgbé ká jọ sí igun bí ológbò. Ìjà tọkọtaya tí wọn kò parí kí wọ́n tó sùn dùbúlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Láàrin gbogbo wọn ni Olójúoorun wà, ó tóbi bí àkìtàn ìlú ńlá, ojú rẹ̀ méjèèjì pa dé, àárín ìhanrun kan sí ìkejì ló sì ti ń sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Olójúoorun, ọba tí ń jọba lórí ọba! A-wọ-ilé-ọlọ́rọ̀-má-kan-ilẹ̀kùn, a-tú-àmùrè-jagunjagun-má-fọwọ́-kàn-án! O dé ọ̀dọ̀ adájọ́, adájọ́ gbàgbé ẹjọ́. O dé ọ̀dọ̀ olè, olè sùn lé ẹrù olóhun! Kábíyèsí, ìwúkàrà ìyá mi rèé. Ṣé ó kú ni, àbí ó sùn?"

Ọba náà han oorun lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó kú púpọ̀, ó sùn díẹ̀."

Mo gbàgbé ibi tí mo wà. Mo ní, "Kábíyèsí, mo rìn ọjọ́ mọ́kànlá kí n tó gbọ́ 'díẹ̀'?"

Ó ní, "Gbé okùn náà sí imú. Òórùn kí lo gbọ́?"

Mo gbọ́ òórùn. "Òórùn ẹtu ni, Kábíyèsí. Àti ti òyà. Àti ti èéfín."

"Ta ló ń gbé níbẹ̀ kí ẹtu tó dé?"

Mo gbé okùn náà kúrò ní imú.

Ó ní, "Ọdún méje ni o fi ń yan ẹran lábẹ́ ilé àwọn ọmọ mi. Ọ̀rá ń ta sí wọn lára, èéfín ń dí imú wọn, ooru ń mú wọn lójú oorun. Wọ́n kọjá níwájú mi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń lọ sí ọ̀run, wọ́n ní, 'Ọmọ Àwẹ̀ró ló pa wá.' Ní ìkẹyìn o tún bọ ìyókù ní omi gbígbóná. Ṣé o ń wá ẹni tí ó pa ọtí rẹ? Dá ojú kọ omi odò wò."

Mo ti rò pé àjẹ́ ni, mo ti rò pé ọ̀tá ni, mo tilẹ̀ ti rò pé Ọlọ́run ló gbàgbé mi. Mo bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́ níwájú ọba. Ó jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ó ní, "Ó tó. Fi etí mọ́ kókó ìdí okùn." Mo fi etí mọ́ ọn. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi. Nígbà tí inú mi rọlẹ̀, mo gbọ́ ìmí kan, ó kéré, ó kéré, bí iyanrìn tí ń dà sórí ewé gbígbẹ.

Ọba ní, "Èéfín kò dé inú kókó. Àwẹ̀ró mọ ọmọ tí òun bí, ìdí rèé tí ó fi ta á. Tú u."

"Kábíyèsí, èèwọ̀ ni. Ọmọkùnrin kì í tú kókó tí ìyá rẹ̀ ta."

"Mo ha ní kí ọmọkùnrin tú u bí? Kò sí ẹni tí ó ti bẹ̀ ọ́ pé òun fẹ́ tú u?"

Mo jókòó sílẹ̀ gbì. Mo rí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wa, mo rí Ẹniìtàn tí ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Inú tí ó bí mi sí ara mi ní wákàtí yẹn, bí mo bá dà á sórí àpáta, àpáta á là. Mo ní, "Ó dára, Kábíyèsí. Ẹ bá mi jí wọn, kí n máa gbé wọn lọ."

Ó ní, "Oorun ni mo ń tọ́jú, èmi kì í jí ẹnikẹ́ni. O kọjá lọ́dọ̀ ìránṣẹ́ mi méjì. Kí ni wọ́n kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ẹ̀kíní ní ariwo kì í jí ẹni tí ń sùn. Èkejì ní ẹni tí ebi ti pa pẹ́, ẹnu mẹ́ta ni à ń fún un, kó má gbóná, kó má tutù, a kì í sì í ṣáájú ohun tí ń rìn díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé o rí i pé orí rẹ kì í ṣe òkúta? Dùbúlẹ̀." Mo dùbúlẹ̀, mo sùn lẹ́ẹ̀kan, mo sì jí ní ìdí ẹ̀gẹ́ nínú oko ara mi. Ọjọ́ mẹ́tàlá ti lọ. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kù.

Ẹniìtàn pàdé mi ní àgbàlá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Kí ni wọ́n wí?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní kí o tú kókó."

Ẹ̀rín mú un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ẹ rìn dé Igbó Ojúoorun, Bàbá, kí ẹ lè lọ gbọ́ ohun tí mo sọ ní ẹnu ọ̀nà yìí?"

Mo ní, "Tú u, kí n tó yí ọkàn padà."

Ó gbé okùn lé itan, ó pe orúkọ ìyá ńlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì fi èékánná tú kókó náà fún àkókò tí ènìyàn lè fi jẹ iyán tán. Nínú rẹ̀ ni a ti rí erùpẹ̀ kan tí ó dúdú díẹ̀ tí ó pupa díẹ̀. Kò kún èèpo ẹ̀pà. Gbogbo ogún ilé wa nìyẹn. Ó gbọ̀n ọ́n sínú ahá kékeré, ó padà sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bí àṣà ti wí, ó sì ń pàṣẹ fún mi: "Ẹ jẹ́ kó ṣàn sí i, Bàbá. Ẹ kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ó ṣì gbóná. Ẹ dúró. Mo ní kí ẹ dúró!" Mo dúró. Mo da ṣíbí mẹ́ta omi ọkà sínú ahá, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e sí igun.

Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọwọ́ ń yún mi láti ṣí i. Kí n má baà ṣí i, mo tú àtẹ tí mo fi ń yan ẹran kúrò nínú ilé ìdáná, mo rù ú lọ sí oko, mo rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Mo fi amọ̀ tuntun rẹ́ ògiri ilé ìdáná tí èéfín mi ti sọ di dúdú. Ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan, mo sì ti ń gbọ́ ẹ̀rín ẹnu kẹrin ní etí mi. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ tí mo fi ohùn wẹ́rẹ́ gbà, Ẹniìtàn ní, "Bàbá, ẹ wá." Mo wò ó. Ìfófó kan, ẹyọ kan, bí ojú ẹja kékeré, gòkè wá, ó bẹ́. A kò mí. Òmíràn gòkè.

Mo fún un ní ṣíbí mẹ́fà. Ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo gbé e sínú orù, lẹ́yìn èyí sínú ìkòkò. N kò ṣáájú rẹ̀ rí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ìkòkò kan péré ni ọtí tí mo ní, àlejò sì kún ọgbà. Baba Ajéwọlé wo ìkòkò náà, ó ní, "Àna mi, ṣé ọtí lo pè wá mu, àbí o ní kí a wá tọ́ ọ wò?"

Mo ní, "Àna mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù. Ó ń kọ́ bí a ti í rìn ni."

Ẹniìtàn gba ife, ó mu. Mo ní, "Ṣé ó dàbí ti ìyá ńlá rẹ?" Ó ní, "Ó kan díẹ̀ ju ti Màmá lọ," omijé sì ń dà ní ojú rẹ̀, ó tún ife gbé sẹ́nu, ó mu ún tán. Baba Ajéwọlé náà mu tirẹ̀. Ó kàn na ife rẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ́ àga rẹ̀ súnmọ́ tèmi, mo sì mọ̀ pé mo ti fi ọmọ fún ọkọ. Kí wọ́n tó lọ, mo gé okùn sí méjì. Ẹniìtàn ri méjèèjì bọ ọtí, ó ta kókó sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Èyí tiyín, Bàbá. Ẹ má yan ẹran lábẹ́ rẹ̀ o."

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò dáhùn ló kú. Òmíràn wà tí ó ń sá fún ariwo wa ni. Ohun tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀, ẹ má kàn fi ìbẹ̀rù kọ́ ọ sórí àjà kí ẹ máa dáná ti ara yín lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá máa bi Ọlọ́run léèrè ìdí tí ó fi kú. Bí ọmọ yín bá sì dúró ní ẹnu ọ̀nà tí ó ní òun fẹ́ tú nǹkan wò, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó lé e. Ọ̀nà Igbó Ojúoorun jìn, ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ọlọ́run tí ó dá díẹ̀ sí nínú kókó fún mi, yóò dá díẹ̀ sí fún ẹ̀yin náà. Ọtí inú ife yín ti tán, mo rí i. Èyí tí ó wà nínú ìkòkò ẹ̀yìn mi yìí kò tíì tó mu, kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọwọ́ sí ìdérí rẹ̀. Ẹ dìde wẹ́rẹ́, ẹ máa lọ sílé, ẹ gbójú sókè wo àjà yín. Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà, ẹ dẹ etí sílẹ̀ díẹ̀. Ó ń mí.